Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà: Ẹ bá wa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nígbà tí a ò sí níbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣùgbọ́n Òkè Ọya yìí ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nínú aṣọ funfun. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé báyìí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí mi ò wá fẹjọ́ ilé ìwòsàn kankan sùn. Ẹni tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn jù nínú lẹ́tà yìí ni èmi fúnra mi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin tuntun lórí fífìdí ìwé-ẹ̀rí àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun múlẹ̀, èyí tó kó ọ̀pọ̀ wa wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni mo tún gbé dé. Ìyẹn ní àyè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ni mo gbé wá, àti ti àwọn ọmọ tí ẹ fi sábẹ́ wa pé ká kọ́ níṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, dúútì alẹ́. Wọ́n gbé obìnrin kan wá láti abúlé kan. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì nílé, orí ọ̀kadà ni ọkọ rẹ̀ sì ti fà á mọ́ àyà dé títì kí wọ́n tó rí mọ́tò. Gìrì aboyún yìí, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Magnesium sulphate ni oògùn rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Magpie, tó jáde ní 2002 lẹ́yìn tí wọ́n kó aboyún tó lé ní 10,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń woni sàn yìí náà lè pani. Bó bá pọ̀ jù lára, orúnkún ló kọ́kọ́ máa ń kú, lẹ́yìn náà ni èémí á dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wa pé kí abẹ́rẹ́ tó kàn tó wọlé, ká yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Ká fi òòlù kékeré kan orúnkún aláìsàn bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á ta. Ká ka èémí rẹ̀, kó má dín sí 16 ní ìṣẹ́jú kan. Ká wo àpò ìtọ̀ rẹ̀, kó má dín sí 30 mílílítà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò gbọdọ̀ gún un. Calcium gluconate ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kó ti wà nítòsí kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wà pẹ̀lú wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wà ní ọdún kẹta, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Aláìsàn mọ́kànlélógún ló wà ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì méjì péré la sì jẹ́. Mo ní kó lọ yẹ obìnrin náà wò fún mi. Ó lọ. Ó kan orúnkún ọ̀tún, ẹsẹ̀ ò ta. Ó kan tòsì, kò ta. Ó gbé orúnkún náà lé apá ara rẹ̀ bí a ṣe kọ́ wọn, ó tún kàn án, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ bí igi. Ó tẹ̀ ba wo àpò ìtọ̀: ìtọ̀ wákàtí mẹ́rin tó wà níbẹ̀ kò kún ife tíì. Ó dìde, ó wò mí níbi tí mo ti ń bá dókítà jiyàn lórí fóònù nípa aláìsàn mìíràn, ó tún padà jókòó. Ó ka èémí. Mẹ́tàlá. Ó dìde lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró lẹ́yìn mi, ó tún padà. Ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ yìí fi ń dìde tó ń jókòó, kó tó wá bá mi pẹ̀lú ohùn tí mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́: "Ẹ má bínú mà, ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ orúnkún kàn dáadáa."

Mo ti fa abẹ́rẹ́ tó kàn sínú síríńjì. Ó wà lórí tírè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí n lọ gún un.

Ọlọ́run bá wa ṣe é. Ẹ̀rọ̀ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a rọra fún un sínú iṣan, a jókòó tì í títí èémí rẹ̀ fi gòkè padà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ. Kò fẹ́ dáhùn. Nígbà tó yá ló ní, "Mà, lánàá ẹ ní bí mo bá tún fi ìbéèrè da yín láàmú, ẹ ó lé mi jáde ní wọ́ọ̀dù."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ti gbàgbé pé mo sọ ọ́. Òun ò gbàgbé.

Ẹ̀yin àgbà wa, ọmọ yẹn mọ ohun gbogbo tó yẹ kó mọ̀. Ká ní ìdánwò yín ni, á gba máàkì rẹ̀ pé. Ó mọ orúnkún, ó mọ èémí, ó mọ ìtọ̀, ó mọ ẹ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ohun tó ń mú nọ́ọ̀sì dáàbò bo aláìsàn, tàbí tó ń mú un pa á lára, máa ń ka ìmọ̀, wọ́n á ka ìwà, wọ́n á ka iye òṣìṣẹ́, irinṣẹ́, àárẹ̀, àti àṣà ibi iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi èmi tí mo ti wà níbi ìbùsùn aláìsàn tó báyìí, ohun kan ni màá kọ́kọ́ dárúkọ: ohun tí ojú ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn rí. Bí ẹni tó jẹ́wọ́ lóṣù tó kọjá bá jìyà, kò sẹ́ni tí yóò jẹ́wọ́ lóṣù yìí.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n fi mí sí wọ́ọ̀dù ọmọdé. Ìgbà òjò ni, ibà gba ìgboro kan, ọmọ méjì-méjì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Aisha Muhammad méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Òkè Ọya mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n. Ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ẹ lè rí Hauwa Musa mẹ́ta. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, láti gún fún ọ̀kan nínú wọn. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, mo fi Hausa mi tí kò tíì gún régé bi í pé, "Yaya sunanta?" Kí lorúkọ rẹ̀? Obìnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò dáhùn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé láàárín àwọn Hausa àti Fulani, ìyá tó bá tẹ̀ lé àṣà kì í fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ìtìjú ni, kunya ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ náà bá sì tún jẹ́ ti ìyá ọkọ, ó ti di èèwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, orúkọ àpèlé ni ọmọ náà á máa jẹ́ nílé. (Kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ìyàwó ilé tiwa náà kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, Adúmáadán ni, Eyínfúnjowó ni. Ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́?) Mo bá pe orúkọ náà sí i létí: "Aisha?" Ó mi orí. Òótọ́ sì ni, Aisha lọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Aisha kejì ni abẹ́rẹ́ náà wà fún.

Ìgbà tí mo padà dé ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo rí i pé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé oògùn kì í ṣe tọmọ yẹn. Ara mi tutù. Mo sáré lọ bá sístà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n kúnlẹ̀ sáàárín wọ́ọ̀dù, níwájú àwọn ìyá ọlọ́mọ. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún ìgbà ẹ̀kọ́ mi. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà, a dúpẹ́. Nínú gbogbo bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò tó, kò sẹ́ni tó béèrè bí Aisha Muhammad méjì ṣe dùbúlẹ̀ sí ìlà kan náà láìsí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́rùn ọwọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé a kì í pe orúkọ fún aláìsàn kó mi orí sí i, pé òun la ń jẹ́ kó pè é, bí kò bá sì lè pè é, ká wo nọ́ńbà káàdì.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá bá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ń sunkún, ó ní kí n bá òun lọ sọ fún sístà. Ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní, "Dákẹ́. Lọ sọ ìgò yẹn nù." Ó sọ ọ́ nù. Ọmọ yẹn náà kò kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n àwa méjèèjì ló gbà á.

Àwọn baba wa ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ohun tí a ń ṣe nínú wọ́ọ̀dù wa ni pé bí ẹni iwájú bá jìn, a ó kọ́kọ́ lù ú nínú kòtò níbẹ̀, a ó wá fi ewé bo ojú kòtò náà. Ará ẹ̀yìn ń bọ̀, kò sì rí nǹkan kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá lọ gba ìtọ́jú láyé yìí, nǹkan bí ẹnì kan ni ìtọ́jú náà ń pa lára. Wọ́n ní ó lé ní ìdajì ìpalára yìí tí a lè dènà, pé ọ̀rọ̀ oògùn ló sì wà nídìí ìdajì èyí tí a lè dènà náà. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ya 17 oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún ààbò aláìsàn. A máa ń ṣe é ní Àbújá níbí, a máa ń gbọ́ àsọyé, ó sì dára. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ń ronú lé, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá padà sí wọ́ọ̀dù, tó tún bá wa níbẹ̀ bí a ṣe wà.

Torí ojú ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ju etí lọ. Nínú kíláàsì, wọ́n kọ́ ọ pé ìgbà márùn-ún ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́: kó tó kan aláìsàn, kó tó ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò ò gbọdọ̀ bá wọlé, lẹ́yìn tó bá fara kan ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara, lẹ́yìn tó bá kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tó bá kan ohun tó yí i ká. Ó dé wọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ omi ń dún hóò láìsí omi nínú rẹ̀. Ó rí èmi ọ̀gá rẹ̀ tí mo ti ibùsùn kan bọ́ sí ìkejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kò lè pe ìyẹn ní ìwàkiwà ọmọ náà. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ pé aláìsàn ló ń ra ìbọ̀wọ́ tí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹbí rẹ̀ bá ra mẹ́rin, mẹ́rin náà la ó pín jẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wò wá. Ohun tó kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé ìbọ̀wọ́ jẹ́ ohun tí a ń ṣún lò.

Nígbà tí mo bá sì ronú sí ìbọ̀wọ́, ìlú Lassa ní Borno ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, dùbúlẹ̀ àìsàn níbẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, kó o, òun náà kú. Wọ́n ní ìka tó ní ọgbẹ́ ló fi nu ẹnu aláìsàn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, tó tọ́jú àwọn méjèèjì, kó o pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó yè é. Báyìí ni ayé ṣe mọ ibà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yẹn títí di òní. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta léra wọn, níbí ní Òkè Ọya, kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ àìsàn náà. Bauchi àti Taraba ṣì ń rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì wà ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀.

Ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ tí mo wí kò mọ sọ́dọ̀ aláìsàn nìkan, ó ń pa akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí abẹ́rẹ́ tí a ti lò bá gún lọ́wọ́, kò ju wákàtí 72 lọ tó ní láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV, ọjọ́ 28 ni yóò sì fi lò ó. Bó ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe dára tó. Mo ti rí ọmọ tó fi ìka sábẹ́ omi, tó fi bébà nù ún, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pè é ní aláìbìkítà. Wákàtí rẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, a sì ti kọjá àkókò. Ara rẹ̀ le dòní, ṣùgbọ́n oṣù mélòó ló fi ń sùn tó ń jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù yẹn?

Àwọn ọmọ yìí sì ń ka ìròyìn. Ní 2022, nọ́ọ̀sì kan ní Tennessee ní Amẹ́ríkà, RaDonda Vaught, ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí àṣìṣe oògùn tó ṣe ní 2017. Ó fẹ́ mú oògùn tó ń mú ara balẹ̀, vecuronium tó ń dá iṣan ara dúró ló mú, aláìsàn náà sì kú. Ó jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní kó fi wà lábẹ́ ìṣọ́. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó kú kò wúwo, ó wúwo gan-an, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ ló fojú fò kó tó gún un. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ìròyìn náà jáde, ó kárí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn sọ níṣojú mi pé, "Ṣé ẹ rí i? Ká ní ó dákẹ́ ni."

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ iye wa, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ti lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, gbígba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí a bèèrè. Nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ kò lè ríran dáadáa ní aago mẹ́rin ìdájí, àwọn ìgò kan sì jọra wọn bí ìbejì: ìgò kékeré potassium chloride tó nípọn, tó lè dá ọkàn dúró bí a bá gún un tààrà láìpò ó pọ̀ mọ́ omi púpọ̀, àti ti omi tí a fi ń po abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni láti gba èèyàn sí i. Ṣùgbọ́n ohùn tí mo fi bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ìjọba níbẹ̀. Èmi ni mo ni í.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan máa ń sọ pé bí a kò bá fi ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí nǹkan, wọ́n á máa fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí ṣeré. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn ló kọ́ mi. Mi ò sì ní kí a má fi ìyà jẹ ẹni tó tọ́ sí ìyà. Ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́, ẹni tó ń jí oògùn tà, ẹ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbóná ara nígbà tí kò wọ̀n ọ́n, irọ́ ló pa, àṣìṣe kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo irọ́ yẹn dáadáa. Mo ti ṣí fáìlì tí ara aláìsàn gbóná dé 36.8 ní aago mẹ́fà, 36.8 ní aago mẹ́wàá, 36.8 ní aago méjì òru, ọwọ́ kan náà, bíríò kan náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́. Ó ní bí àyè bá ṣófo nínú ìwé, wọ́n á bú òun. Bó bá kún, kò sẹ́ni tí yóò bi òun nǹkan kan. Ẹ̀rù náà ló bí irọ́ yẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Òfin ọdún 1979 ti fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa lé yín lọ́wọ́: ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin lẹ ń fún wa ní láísẹ́ńsì, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta la sì ń tún un gbà lẹ́yìn tí a bá ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ là sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn yín bá wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn wò, a máa ń kun ògiri, a máa ń tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ ń ka mànẹ̀kínní, ère tí a fi ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀ ń ka ìwé inú láíbìrì. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí àwa tí a jẹ́ ọ̀gá jáde. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kó ku ẹ̀yin àtàwọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹni tó jẹ́wọ́ àṣìṣe kẹ́yìn nínú yín, kí ni wọ́n ṣe fún un?" Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú tí wọn ò dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pẹ̀lú iye bẹ́ẹ̀dì.

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún mẹ́ta yẹn, wọ́n ń kọ́ wa ní ohun tuntun nípa àìsàn àti oògùn. Ẹ fi èyí kún un: kí wọ́n fi àgbà nọ́ọ̀sì sórí àga, kí ẹnìkan ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá jẹ́wọ́, kí a wo ohun tí àgbà yẹn yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa rí. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa la ń ṣe fún wọn. Bí wọ́n bá ti fi mí sórí àga bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mi ò rò pé ọmọ yẹn á fi ogún ìṣẹ́jú dìde jókòó.

Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé káàkiri wọ́ọ̀dù pé ká bá òun fọwọ́ sí ohun tó ti ṣe, ẹ fi ojú-ewé mélòó kan kún un fún ohun tó rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ewu, àti ẹni tó sọ ọ́ fún. Kí ó máa gba máàkì lórí rẹ̀. Kí ó hàn kedere nínú òfin yín pé wọn ò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kún ìgbà akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àṣìṣe tó fẹnu ara rẹ̀ sọ, bí kò bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kí ọmọ kankan má sì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ní wọ́ọ̀dù kó tó gba àjẹsára hepatitis B, àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń kó ranni, rẹ̀ pé.

Ti èdè náà ńkọ́? Ọmọ tó ti Òṣogbo tàbí Ẹnúgu wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní Hausa tó lè fi dá aláìsàn mọ̀ kó tó wọ wọ́ọ̀dù. Kí wọ́n kọ́ ọ ní ti kunya. Kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń ti ìgbèríko wá kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, nítorí náà orúkọ àti ọjọ́ orí kò tó, nọ́ńbà ilé ìwòsàn lọ́rùn ọwọ́ ló lè ya Hauwa kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Bébà díẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó ń lẹ̀ ti tó, bí owó okùn ọrùn ọwọ́ tí ilé ìwòsàn ń lò bá wọ́n jù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn alẹ́ orúnkún yẹn, mo ra ìwé ìkọ̀wé kan ní ọjà Kubwa, mo kọ KÒTÒ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì wọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣi nǹkan ṣe, tàbí tó rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì, kó kọ ọ́ síbẹ̀ láìkọ orúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn nọ́ọ̀sì Hausa ò fọwọ́ kàn án. Mo béèrè, wọ́n ní àwọn rò pé kotu ni mo kọ, ìyẹn ilé ẹjọ́ ní èdè wọn, pé mo fẹ́ máa kó ẹ̀rí jọ. Mo jókòó pẹ̀lú wọn, mo túmọ̀ òwe náà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, rọra mú bíríò.

Ìwé kẹta la wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan kọ ọ́ pé potassium chloride àti omi abẹ́rẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà. A ti ya wọ́n, a fi bébà pupa lẹ ara potassium, a sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnìkan kọ ọ́ pé Hauwa méjì sùn tira wọn. A ti gbé ọ̀kan lọ sẹ́bàá fèrèsé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, kọ ọ́ pé sístà àgbà fi ìbọ̀wọ́ kan náà kan ẹni méjì. Èmi ni sístà àgbà náà. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé òótọ́ ni.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé kìn-ín-ní, èmi ni mo kọ ọ́: "Mo fi ohùn lé akẹ́kọ̀ọ́ kan sẹ́yìn. Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú." Ìlà kejì, ọmọ orúnkún yẹn ló kọ ọ́, kò fi orúkọ pamọ́. Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òun náà ti ní akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́.

Dúútì alẹ́ ni mo wà títí di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí ẹ bá rán ẹnìkan wá, kó wá lóru, nígbà tí a kò tíì kun ògiri. Màá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, màá fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hàn án, màá sì lọ dúró níta títí yóò fi bi wọ́n léèrè tán.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,
nọ́ọ̀sì kan ní Kubwa, Àbújá